Òwú Pupa Létí Aṣọ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àbúrò mi báyìí, tí ẹ máa ń rí i nídìí okùn aṣọ láàárọ̀, tí kì í kí èèyàn tí kì í sì í dáhùn, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ tí ọrùn ọwọ́ kò fi ní í ro ni. Nígbà náà, kò sí ẹni tó lẹ́nu tó o ní gbogbo àdúgbò wa. Bó bá ń ṣàwàdà, ẹni tó ń sunkún lọ́wọ́ á gbàgbé ohun tó ń sunkún sí.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá ìyá wa máa ń kó wa jọ síta bí òṣùpá bá ti yọ, á sì máa sọ ìtàn fún wa. Nínú ìdajì ìtàn rẹ̀, àlejò kan á dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àlejò náà á ní ohun kan lọ́wọ́ tí aráyé ń fẹ́, aráyé á sì hu ìwà tí wọ́n máa hù. Àwa yòókù a máa béèrè ohun tí wọ́n rí gbà. Àbúrò mi nìkan ló máa ń béèrè pé, “Ṣé àlejò náà padà sílé?” Ìyá ìyá wa kì í dá a lóhùn. Á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, lọ sùn.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní láńdírì ilé ìwòsàn. Ilé gígùn kan ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì tó máa ń yọ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Báàfù sìmẹ́ǹtì mẹ́fà wà lápá òsì, ìkòkò omi gbígbóná mẹ́rin wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún aṣọ ló sì wà láàárín. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó lọ. Róọ́là rọ́bà méjì ló ní, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Aṣọ á wọ àárín wọn tòun tomi, á jáde ní pẹlẹbẹ bí abala ìwé. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti fún lóúnjẹ, nítorí náà Ewúrẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Àbúrò mi ló ń yí Ewúrẹ́. Wọ́n ní orin kan tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń yí i, kí ọwọ́ gbogbo wọn lè máa bára mu:

Fún un, kó gbẹ,
fún un, kó gbẹ,
omi lo bá wọlé,
fi omi sílẹ̀ kó o máa lọ.

Àwọn obìnrin láńdírì kò mọ̀wé, àfi ọ̀gá wọn. Òwú ni ìwé wọn. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tí wọ́n máa ń rán mọ́ etí aṣọ, àwọn aláìsàn tí àrùn wọn le sì máa ń ní àmì tiwọn lọ́tọ̀, kí aṣọ ẹnìkan má baà dé ara ẹlòmíràn. Àbúrò mi lè di ojú rẹ̀, kó fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ, kó sì sọ ẹni tó ni ín fún ọ.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tó ti wà kí gbogbo wọn tó dé. Oṣooṣù ni ọ̀gá máa ń pín ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ọ̀rá ìpara fún wọn nítorí ọṣẹ tó ń jẹ wọ́n lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ kì í kárí. Ẹni tí kò bá nílò tirẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ dá a padà, kí ẹlòmíràn lò ó. Ẹni tó bá gbé e pamọ́ sílé, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe ò ní kékeré. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni àbúrò mi bí, obìnrin, aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ilé náà kò sì jìnnà sí ọgbà ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá dúró nídìí okùn aṣọ láńdírì, ẹ máa gbọ́ màṣíìnì rẹ̀ láti òdìkejì ọgbà. Òun ló ń kó òwú tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà gbé e sókè síbi iná, ó wò ó títí, ó ní kó máa rọra ṣe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dókítà ní lọ́kàn bó bá ní kí èèyàn máa rọra ṣe.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn Àlejò dé.

Òwúrọ̀ ni. Ohun tó gbé wọn wá bọ́ sí pápá tó wà lẹ́yìn okùn aṣọ láńdírì, kò pariwo, kò fi iná sí ibì kankan. Ó rí bí ẹyin ràgàjì tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Eruku ló dá sílẹ̀. Gbogbo ayé ń sá, àbúrò mi ń bú èpè, nítorí aṣọ ọgọ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ni eruku náà bò.

Méjìlá ni wọ́n. Wọ́n ga jù wá lọ díẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, awọ ara wọn sì dà bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú èèpo ẹyin. Wọn kò ní ẹnu. Ara ni wọ́n fi ń mí, bí ara wọn bá sì gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ wọn tó ń mú ara wọn tutù ti bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Dókítà àgbà ló rò ó pé kí wọ́n máa fi aṣọ tútù wé wọn. Wọ́n kó wọn sí wọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, wọ́n fi sójà kan sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá láńdírì kó àwọn obìnrin rẹ̀ jọ. Ó ní, “Ta ló máa máa fọ tàwọn Àlejò?”

Ẹnìkan ní, “Ọ̀gá, mo ní ọmọ kékeré nílé.”

Òmíràn ní, “Èmi náà ní ọkọ.”

“Ọkọ rẹ wo?” ni àbúrò mi wí. “Èyí tó ti lọ ra síìmù láti ọdún tó kọjá? Ẹ gbé e wá, ọ̀gá. Bí wọ́n bá jẹ mí, egungun ni wọ́n máa bá, ó ti pẹ́ tí ọṣẹ ti jẹ ẹran ara mi tán.”

Bó ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé lọ tú aṣọ tó ti gbóná kúrò lára wọn, á fi tútù wé wọn. Kò sí ẹni tó ní kó fi àmì sí i. Méjèèjìlá jọra bí ẹ̀wà, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n obìnrin láńdírì ni, kò lè da aṣọ ẹni méjì pọ̀ kó sì sùn. Ó gba òwú oríṣi méjìlá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ etí aṣọ wọn, ó sì ń fi àwọ̀ òwú pè wọ́n. Yẹ́lò máa ń gbọ̀n. Dúdú kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun lẹ́sẹ̀. Pupa ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bó bá ti ń fi aṣọ wé Pupa, á máa kọ orin Ewúrẹ́ lábẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ kan sì ni ohùn kan jáde láti ara Pupa, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò òfìfo. Orin náà ni. Ó gbé e láìṣì í.

Àbúrò mi sáré wá sọ fún mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń kọrin. Kò lẹ́nu, ó ń kọrin.”

Mo ní, “Ṣé ó kọ ọ́ jù ọ́ lọ?”

Ó ní, “Ohùn tèmi náà, ta ni kò ní kọ ọ́ jù mí lọ?”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ rẹ̀ jinná. Ọwọ́ tó ti ń là láti ọgbọ̀n ọdún, tí mo máa ń bá a fi ọ̀rá pa, ó dán bí ọwọ́ ìyàwó tuntun. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó fà á. Omi àkọ́fún ni, ìyẹn omi tó kọ́kọ́ jáde lára aṣọ àwọn Àlejò bí wọ́n bá fún un. Àwọn ará láńdírì kì í da omi àkọ́fún nù, wọ́n máa ń fi rẹ aṣọ mìíràn. Ó rọ díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ sílé, ó fi pa ọmọ rẹ̀ láyà. Lọ́jọ́ kẹta, ó fún un mu.

Ọmọ náà ní, “Màmá, kí ni mò ń mu yìí?”

“Omi aṣọ àwọn Àlejò.”

“Omi tí wọ́n fi fọṣọ?”

“Kí wọ́n tó fi ọṣẹ sí i ni. Mu ún, àbí ìwọ lo máa kọ́ mi ní ìfọṣọ?”

Ó mu ún. Láàárín oṣù kan, ikọ́ náà lọ. Ó tún jókòó sídìí màṣíìnì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ẹ ò rí bí inú àbúrò mi ṣe dùn. Bí ó bá jẹ́ pé ó pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, bóyá à bá má rí èyí tí a rí. Ṣùgbọ́n oṣù parí, ọ̀gá ń pín ìbọ̀wọ́, àbúrò mi kò nílò ìbọ̀wọ́ mọ́. Kí ni kó ṣe? Ó dá a padà.

Ọ̀gá ní, “Màmá, kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?”

“Rárá o, ọ̀gá. Ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ọwọ́ mi.”

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá mú ọwọ́ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà àgbà ló wá sí láńdírì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìgò.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi omi àkọ́fún wo aláìsàn. Ẹni tí egbò rẹ̀ kò jinná, ó jinná. Ẹni tí wọ́n ti ní kó lọ kú sílé, ó fẹsẹ̀ rìn padà wá dúpẹ́. Èmi náà mu ún nítorí orúnkún mi. Ìlà tí a ń tò láti gba omi gùn láti wọ́ọ̀dù títí dé títì. Omi aṣọ méjìlá láàárọ̀, méjìlá nírọ̀lẹ́, mélòó ló máa tó?

Dókítà àgbà pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ńlá. Èèyàn kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ pátápátá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní omi kò tó. Ó ní ọ̀nà kan wà tí a fi lè rí i gbà púpọ̀ sí i lára àwọn Àlejò, àmọ́ ó máa rẹ̀ wọ́n. Ó ní òun kò fẹ́ dá a ṣe, òun fẹ́ kí gbogbo wa fọwọ́ sí i.

Ọmọ àbúrò mi dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti bi wọ́n?”

Dókítà ní, “Wọn kò ní ẹnu.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó. Dókítà ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, gbogbo wa nawọ́. Mo wo apá ibi tí àbúrò mi wà. Kò nawọ́, kò sì sọ pé rárá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n wá gbé Ewúrẹ́ kúrò ní láńdírì, wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì Yẹ́lò ṣófo, aṣọ rẹ̀ kò sì wá sí báàfù mọ́.

Àbúrò mi lọ bá ọ̀gá. “Ọ̀gá, aṣọ kan kò pé.”

“Ó ti lọ sílé.”

“Ta ló lọ sílé?”

“Ọ̀kan nínú wọn. Ara rẹ̀ ti yá.”

“Kí ló gbé lọ? Ọkọ̀ wọn ṣì wà ní pápá. Mo sá aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.”

Ọ̀gá kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ fọṣọ.”

Dúdú tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí òwú wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi ń pọ̀ sí i, ìlà ń yára, àwọn èèyàn ń ṣàdúrà fún dókítà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi ń bọ̀ láti ìdí okùn, ó gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù àtijọ́ kọjá, ó gbọ́ Ewúrẹ́. Ó ń ké láti inú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n tì pa, bó ṣe máa ń ké bí ohun tó wà láàárín róọ́là bá nípọn jù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi yí ẹ̀rọ yẹn. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná mi, ó sọ gbogbo rẹ̀, pé àwọn Àlejò fúnra wọn ni wọ́n ń fún bí aṣọ. Kí ni mo sọ fún un? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Mo ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbí o fẹ́ kí ọmọ rẹ kú?” Mo tún bu tíì fún un.

Ó gbìyànjú. Ó pa á mọ́ra fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá. Nígbà tó ku Pupa nìkan nínú wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì méjìlá, kò lè dá a gbé mọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ohun tó ń retí ni pé kí ọmọ náà sọ pé, “Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe, Màmá.” Ọmọ náà gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí màṣíìnì.

“Mi ò mu mọ́.”

“O ò mu kí ni?”

“Mi ò mu mọ́, Màmá.”

“Bí o kò bá mu ún, ṣé ìyẹn máa jí àwọn tó ti lọ?”

“Ó ku ẹyọ kan.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ikọ́ náà padà, ó sì padà pẹ̀lú ìbínú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀ sínú aṣọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ ní òun máa mu omi yòówù kí ìyá òun fẹ́, bí Pupa bá ti padà sílé.

Òun náà ló wá ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi máa ń fi kẹ̀kẹ́ irin kó aṣọ ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù jáde, gba ìdí okùn kọjá, sójà kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò nítorí òórùn. Láti ìdí okùn dé ibi tí ọkọ̀ wọn wà kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ọmọ náà ní, “Ẹ gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ẹ da aṣọ tútù bò ó. Bó bá dé ìdí ọkọ̀ wọn, òun ló mọ bí ó ṣe máa wọlé.” Ìyá rẹ̀ ní, “Mo ti gbọ́.” Ó ṣèlérí fún un.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wọlé lọ láàárọ̀. Pupa nìkan ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní ó fúyẹ́ lọ́wọ́ òun bí agbọ̀n tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Ó tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́, ó fi aṣọ tirẹ̀ tó tutù wé e, ó da ti ìdọ̀tí lé e lórí. Pupa kò jà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Sójà fi ọwọ́ bo imú. “Ẹ tètè kọjá, Màmá, ẹ̀yin náà mọ irú ẹrù tí ẹ gbé.”

Ó ní, “Aṣọ tìẹ náà máa dé inú kẹ̀kẹ́ yìí lọ́jọ́ kan.” Sójà rẹ́rìn-ín.

Ó ti kẹ̀kẹ́ dé ìdí okùn. Kẹ̀kẹ́ náà ní ẹsẹ̀ kan tó máa ń gbọ̀n, ariwo rẹ̀ ń dún lórí òkúta. Aṣọ wà lórí okùn ní ìlà mẹ́ta, afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ wọn, ó sì lè rí ọkọ̀ náà láàárín wọn. Nínú kẹ̀kẹ́, Pupa bẹ̀rẹ̀ orin. Fún un, kó gbẹ. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì ọgbà. Ikọ́ gígùn ni, irú èyí tó máa ń tẹ èèyàn ba. Ikọ́ náà já lójijì. Àbúrò mi dúró, ó ń retí kó tún wúkọ́. Kò wúkọ́ mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí fún mi lẹ́yìn náà, “mo kà dé ogún. Mo tún un kà. Mo ní bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá lọ.”

Kò gbọ́ ọ. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Sójà bi í pé kí ló gbàgbé. Ó ní aṣọ kan ni. Ó gbé Pupa padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó fi etí rẹ̀ tí òwú wà sábẹ́, ó sì sáré lọ sílé. Ó bá ọmọ rẹ̀ láàyè, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, òógùn bò ó. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn fi ojú béèrè.

Àbúrò mi ní, “Ó ti lọ.”

Ọmọ náà fi ìka ya ilẹ̀kùn nínú afẹ́fẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ó wọlé.

“Ó wọlé. Ọkọ̀ náà ti gbéra. Ó padà sílé.”

Lọ́jọ́ kejì, Ewúrẹ́ ké fún ìgbà ìkẹyìn. Àbúrò mi wà ní láńdírì, ó gbọ́ ọ láti ibẹ̀, tàbí ó ní òun gbọ́ ọ. Ó lọ tọrọ ìgò méjì lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá fún un láìbéèrè ohunkóhun. Ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé omi tó kù láti ẹ̀yìn wá ni. Ọmọ náà ti ṣèlérí, ó mu ún. Omi yẹn lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó dìde. Láàárín oṣù kan, wọ́n tún ya fọ́tò àyà rẹ̀, dókítà ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ó mọ́ tónítóní.

Ẹsẹ̀ tí omi náà fún un ló fi rìn lọ sí pápá. Ó fẹ́ rí ibi tí ọkọ̀ náà ti gbéra. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, koríko ti ń hù yí i ká. Lórí okùn tó kọjú sí i, aṣọ ẹyọ kan wà tó tutù, òwú pupa létí rẹ̀. Ó mọ òwú náà. Òun ló já a.

Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fi aṣọ bo màṣíìnì, ó ń di okùn mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá gba aṣọ tí kò tíì parí.

Ó ní, “Ṣe ni mo gbọ́ ikọ́ rẹ tó dáwọ́ dúró. Mo rò pé o ti lọ.”

Ọmọ náà kò yíjú. Èmi ló dá lóhùn. “Màmá àgbà, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ wọn tó ń bọ̀ nídìí okùn. Ikọ́ fẹ́ gbá mi lọ. Mo fi aṣọ di ẹnu mi, kí sójà má baà bojú wo apá ibẹ̀.”

Àbúrò mi gbọ́ ọ. Ó rọra jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ akẹ́rù fi wá gbé màṣíìnì lọ. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. A gbọ́ pé ọmọ náà wà níbì kan, ó ń ránṣọ, ó sanra. Kò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ rí.

Omi tán, kò sì sí ibi tí a ti lè rí òmíràn. Àwọn tó wà lórí ìlà nígbà náà tí kò kàn, wọ́n kú ikú wọn. Gbọ̀ngàn ńlá ṣì wà, ibẹ̀ la ti ń ṣe ìpàdé omi ẹ̀rọ àti ti títì, kò sì sí ẹni tó ń sọ ohun tí a nawọ́ sí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń wo òkè nígbà mìíràn, wọ́n á sì tètè gbójú wálẹ̀. Àwọn méjìlá yẹn ní ìyá níbì kan, bó bá jẹ́ pé ìyá ló ń bí wọn. Ẹnìkan máa wá béèrè wọn. Èmi kò mọ ẹni tí a máa rán síwájú láti dáhùn.

Àbúrò mi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló máa ń lọ sí láńdírì. Á rẹ aṣọ olówùú pupa sínú omi mímọ́, kì í fún un, á gbé e kọ́ sórí okùn tó kọjú sí pápá, kí omi máa kán. Bó bá ti gbẹ, á tún un rẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ti là padà, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá láńdírì, tó ti darúgbó báyìí, kó ìbọ̀wọ́ tuntun wá fún un lóṣù tó kọjá. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

Mo máa ń lọ bá a jókòó níbẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn ín láìfi ọ̀pá tilẹ̀. Orúnkún mi kò tíì ro mí láti ọjọ́ tí mo ti mu omi náà.